Àwọn Ọmọ Tó Di Ọwọ́ ní Kíláàsì Ìṣirò

Kotobabi, Accra
Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀

Bọ́lá, Àjọkẹ́ ọmọ mi,

Ṣé o ti jẹun? Mo mọ̀ pé o máa ní o ti jẹun. Irọ́ ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi di gàrí àti ata shito sínú àpò tí àbúrò mi Sìkírá gbé wá fún ọ. Ó ní lọ́jọ́ Sátidé, bí òun bá ti pa ìsọ̀ aṣọ òun ní Tudu dé, òun á wọ ọkọ̀ trotro wá sọ́dọ̀ rẹ ní Teshie. Kọ́kọ́ jẹun ná, torí ìwé yìí gùn, mi ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń gé ọ̀rọ̀ kúrú.

O máa bi mí pé kí ló dé tí mi ò kàn pè ọ́. Ṣebí mo pè ọ́ lánàá? Ìwọ ń pariwo, èmi ń pariwo, owó fóònù sì tán kí n tó sọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Nínú ìwé, o ò lè já lu ọ̀rọ̀ mi. Mo sì mọ̀ọ́mọ̀ kọ ọ́ ní Yorùbá. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin tí a bí sí Accra yìí, ẹ̀ ń gbọ́ ju bí ẹ ṣe ń kà lọ. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Rọra máa kà á. Èyí tí kò bá yé ọ, bi Sìkírá, má fò ó.

Inú mi dùn sí iṣẹ́ tuntun rẹ ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Kí wọ́n wo gbogbo olùkọ́ ìlú, kí wọ́n mú ọmọ tèmi, kí wọ́n ní kó máa lọ láti ilé-ìwé dé ilé-ìwé, kó máa ran àwọn olùkọ́ ìṣirò lọ́wọ́! Mo jó nínú yàrá. Àwọn ayálégbé rò pé nǹkan ti ṣe mí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí o sọ lánàá kò kúrò lọ́kàn mi láti ìgbà yẹn.

O ní olùkọ́ kan wà ní Teshie níbẹ̀ tó ń jẹ́ Lamptey, tó ń kọ́ kíláàsì karùn-ún. O ní ọjọ́ tí o lọ wò ó, bó bá ti béèrè ìbéèrè, gbogbo ọwọ́ á lọ sókè, inú rẹ sì ń dùn. Ìgbà tó yá lo rí i pé àwọn ọwọ́ kan là, àwọn kan dì, àwọn tó là nìkan ló sì ń pè. O bi ọmọbìnrin kékeré kan nígbà ìsinmi, ọmọ náà sì tú àṣírí fún ọ: ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, kó la ọwọ́, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, kó di í. O ní ẹlẹ́tàn ni ọkùnrin náà. O ní o ti kọ ìjábọ̀ rẹ̀ tán, lọ́jọ́ Túsìdé o máa fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì, wọ́n á sì mú un kúrò ní kíláàsì. O ní, "Ó tọ́ sí i."

Bọ́lá, mo fẹ́ kí o dá ìwé yẹn dúró ná. Ohun tí mo torí ẹ̀ kọ̀wé nìyẹn. Gbogbo èyí tó kù, àlàyé ni.

O mọ̀ pé mo kọ́ kíláàsì kẹrin fún ọ̀pọ̀ ọdún níbí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ohun tí o ò mọ̀ ni bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, ẹnu mi mú, aṣọ mi mọ́, ìṣirò ni mo sì bẹ̀rù jù láyé. Ẹgba ni wọ́n fi kọ́ èmi náà. Bí wọ́n bá ní kí n fi ìdá kan pín òmíràn, mo mọ̀ pé wọ́n máa ń dojú èkejì dé ni, kí wọ́n sì sọ wọ́n di púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọ kan bá bi mí pé kí ló dé tí a fi ń dojú ẹ̀ dé, màá ní kó jókòó, kó má yọ mí lẹ́nu.

Lọ́jọ́ kan ọ̀gá ilé-ìwé kéde pé alábòójútó ń bọ̀. Àwọn olùkọ́ àgbà fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Alata," torí bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá nìyẹn, "ṣé o ti kọ́ àwọn ọmọ rẹ ní bí wọ́n ṣe ń nawọ́?" Mo ní rárá. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì kọ́ mi. Ó ṣe, ohun tí Lamptey ṣe gẹ́lẹ́ ni! Ọwọ́ òsì ì bá rọrùn láti fi dá wọn mọ̀, ṣùgbọ́n ta ló jẹ́ na òsì sí àlejò ní ìlú yìí? Alábòójútó á ti fura. Nítorí náà, ọ̀tún ni gbogbo wọn máa nà, kí àwọn kan là á, kí àwọn kan dì í. A dánra wò títí ó fi mọ́ wọn lára. Ká ní mo fi ìdajì wàhálà yẹn kọ́ wọn ní ìṣirò ni, wọn ì bá ti mọ̀ ọ́n.

Alábòójútó dé. Màdáámù Efua lorúkọ rẹ̀, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í kánjú sọ̀rọ̀. Ó lọ jókòó sẹ́yìn. Mo béèrè, gbogbo ọwọ́ lọ sókè. Mo pe ẹni tó la ọwọ́, ó dáhùn. Mo pe òmíràn, òun náà dáhùn. Mo ti ń rìn bí ọ̀gá láàárín bẹ́ǹṣì. Ni Màdáámù bá ní ṣé òun lè béèrè ọ̀kan. Ta ni mo jẹ́ tí màá ní rárá? Ó béèrè, ọwọ́ tún kún òkè, ó sì nawọ́ sí Salamatu, ọmọ Hausa kan tó ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìkẹyìn. Salamatu dìde. Ó wo Màdáámù, ó wò mí, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ní, "Màdáámù, ṣé ẹ ò rí i pé mo di í ni?"

Yéè! Bí ilẹ̀ bá lanu lọ́jọ́ yẹn, ǹ bá kó sí i tayọ̀tayọ̀.

Màdáámù Efua rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Kì í ṣe ọmọ náà ló ń fi rẹ́rìn-ín o. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó sọ òótọ́, ó ní kó jókòó, ó sì ní kí gbogbo wọn lọ ṣeré. Nígbà tó ku àwa méjèèjì, mo ti ń to ẹ̀bẹ̀ jọ sẹ́nu. Mo rò pé ó máa bi mí pé kí ló dé tí mo fi tàn án. Kò bi mí bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Kí lò ń bẹ̀rù?"

Ẹkún ni mo bú sí, Bọ́lá. Kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Mo ní, "Màdáámù, mo mọ ìdá yìí ṣe, ṣùgbọ́n mi ò mọ ohun tó jẹ́." Ó ní, "Kò burú. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ màá padà wá, a ó jọ kọ́ wọn ni." Mo rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Àfi bí mo ṣe rí i lẹ́nu ọ̀nà lọ́sẹ̀ kejì, tó mú ṣọ́ọ̀kì tirẹ̀ wá láti ilé. Títí ọdún ẹ̀kọ́ yẹn fi parí ló ń wá. Nígbà mìíràn òun á kọ́ wọn, èmi á wò. Nígbà mìíràn èmi á kọ́ wọn, òun á wò. Ìgbà mìíràn sì wà tí òun náà á ṣe é, tí kò ní yé àwọn ọmọ rárá, á ní, "Ó dà bíi pé mo ti ba èyí jẹ́ o, ẹ jẹ́ ká tún un ṣe." Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé àgbà olùkọ́ lè sọ bẹ́ẹ̀ kí ọ̀run má ya.

Ká ní ó ti fi orúkọ mi ránṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn ńkọ́? Wọ́n ì bá lé mi, wọn ò sì ní jẹ̀bi. Ǹ bá ti padà sọ́dọ̀ ìyá mi, ká jọ máa ta ọṣẹ ní Adabraka. Ọṣẹ títà kò burú, òun ló tọ́ mi dàgbà. Ṣùgbọ́n kíláàsì ni mo fẹ́. Ìwọ náà, lọ́dọ̀ ta ni ìwọ ì bá ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fẹ́ràn ìṣirò?

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi kìíní: olùkọ́ tó bá ń bẹ̀rù rẹ kò ní fi ibi tó ń dùn ún hàn ọ́ láéláé. Bí o bá lọ jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú bíróò, tí o le ojú koko, kíláàsì tí wọ́n ti tún ṣe dè ọ́ lo máa rí. Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ẹ̀fà ni Lamptey fi hàn ọ́, o sì fẹ́ torí ẹ̀fà lé e. Lọ wo ẹ̀yìn rẹ̀ ná.

Èkejì, máa wo ẹni tí wọ́n ń rán níṣẹ́. Ebi àárọ̀ máa ń pa mí nígbà yẹn, Salamatu ni mo sì máa ń rán lọ ra ìrẹsì waakye, nígbà ìṣirò gan-an. Mo ní lọ́kàn mi pé, ṣebí kò kúkú yé e, ẹ jẹ́ kó wúlò. Àwọn tó mọ̀ ọ́n jókòó, wọ́n ń mọ̀ ọ́n sí i. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n wà níta, ó ń tò sídìí waakye. Lẹ́yìn náà ni mo wá ń sọ fún àwọn olùkọ́ yòókù pé orí ọmọ náà kò jí. Ẹ gbà mí! Màdáámù Efua ló ṣàkíyèsí. Ó rọra bi mí pé, "Bí Salamatu bá lọ ra oúnjẹ rẹ, nígbà wo lò ń kọ́ ọ ní èyí tó pàdánù?" Láti ọjọ́ kejì ni mo ti ń gbé oúnjẹ láti ilé.

Nítorí náà, bí o bá wọ kíláàsì, wo àyè tó ṣófo kí o tó wo pátákó. Ta ló lọ pọn omi? Ta ni wọ́n ní kó lọ gbálẹ̀ ọ́fíìsì? Ta ló jókòó síbi tí kò ti lè rí ohun tí wọ́n kọ? Wàá rí i pé ọmọbìnrin ló pọ̀ jù, àti ọmọ tálákà tí ìyá rẹ̀ kò ráyè wá béèrè. Kì í ṣe pé àwọn olùkọ́ burú. Wọn ò kàn rí i ni, bí èmi náà ò ṣe rí i. Má pariwo lé wọn lórí. Béèrè, kí o sì dákẹ́ kí wọ́n rí àyè ronú.

Ọ̀rọ̀ ìbéèrè àárọ̀ tí wọ́n ń pè ní mẹ́ńtà ńkọ́? O ṣì rántí. Gbogbo ọmọ á dìde, olùkọ́ á máa ju ìbéèrè, ẹni tó bá tètè dáhùn á jókòó, àwọn tó bá dúró gbẹ̀yìn á jẹgba. Nígbà tí mo wà ní kékeré, èmi ni mo máa ń dúró kẹ́yìn. Yorùbá ni ìyá mi fi ń ka nǹkan nílé. Bí wọ́n bá béèrè, màá gbé e lọ sí Yorùbá, màá lọ dé ogún, màá yọ márùn-ún, màá tún gbé e bọ̀ wá sí Gẹ̀ẹ́sì. Kí n tó dé, gbogbo ayé ti jókòó. Mo gbà pé olódo ni mí. Síbẹ̀, nígbà tí mo di olùkọ́, kí ni mo ṣe fún Salamatu tó ń ka tirẹ̀ ní Hausa? Mo dá a dúró, mo sì mú ẹgba dání.

A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Sọ fún àwọn olùkọ́ rẹ pé kí wọ́n béèrè, kí wọ́n sì ní sùúrù. Kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ méjì kọ́kọ́ fi èdè ilé wọn bá ara wọn sọ ọ́, ìbáà ṣe Gà, ìbáà ṣe Twi, ìbáà ṣe èdè wa, kí wọ́n tó fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ síta. Àwọn kan máa ní àkókò kò sí. Jẹ́ kí wọ́n dán an wò lẹ́ẹ̀kan péré lójú rẹ.

Ó yẹ kí n máa fi nọ́ńbà sí àwọn ìmọ̀ràn yìí, ṣùgbọ́n mi ò mọ èwo ni mo wà mọ́. Má fi mí rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ pé kí ayọ̀ wà nínú ìṣirò, tí ẹ̀yin olùkọ́ òde òní ń sọ yìí náà, ẹ ṣọ́ra. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ pé ó yẹ kí ìṣirò máa dùn mọ́ ọmọ, mo sọ gbogbo rẹ̀ di orin. À ń pàtẹ́wọ́, à ń jó yí kíláàsì ká. Ọ̀gá ilé-ìwé ń kọjá, ó ń mi orí. Mo wá bi ọmọ kan pé méje lọ́nà mẹ́jọ jẹ́ mélòó. Ó ní, "Màdáámù, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀." Orin ló mọ̀!

Ọjọ́ tí ìṣirò kọ́kọ́ dùn ní kíláàsì mi, kò sẹ́ni tó kọrin. Màdáámù Efua ló bi wọ́n nípa kẹ́ńkẹ́, ẹ̀kọ tí gbogbo wọn ń jẹ nílé, pé ìdajì kẹ́ńkẹ́ Gà àti ìdajì kẹ́ńkẹ́ Fante, ṣé ọ̀kan náà ni? Háà! Ariwo ta. Àwọn kan ní ìdajì ni ìdajì ń jẹ́. Àwọn kan ní kò ṣeé ṣe láyé. Ọmọ Fante kan fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún nítorí kẹ́ńkẹ́ ilé wọn. Wọ́n ń jiyàn ní gbogbo èdè tó wà ní Accra, Màdáámù ò sì dá wọn lẹ́kun. Ohùn kan ló wá ti ẹ̀yìn jáde: "Odidi rẹ̀ ńkọ́? Ẹ kọ́kọ́ sọ bí odidi ṣe tóbi tó." Salamatu ni. Gbogbo kíláàsì yí padà wò ó. Agogo ìsinmi lù, wọ́n kọ̀, wọn ò jáde. Mo dúró ti ògiri, ojú ń tì mí, inú mi sì ń dùn, mi ò mọ èyí tó pọ̀ jù. Irú ayọ̀ tí mo ń sọ nìyẹn: kí ọmọ ní ohun tó fẹ́ sọ, kí wọ́n sì fẹ́ gbọ́ ọ.

Ohun kan kù. Má ṣe máa yin olùkọ́ kan lójú òmíràn. Bí o bá dé ilé-ìwé kejì tí o ń sọ pé, "Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́hùn-ún," wọ́n á kórìíra rẹ, wọ́n á kórìíra ẹni tí o yìn. Bi wọ́n ní ohun tí wọ́n ń fẹ́. Bó bá jẹ́ bẹ́ǹṣì ni, jà fún bẹ́ǹṣì. Olùkọ́ tó kó ọmọ rẹpẹtẹ sínú yàrá kékeré, tí ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ ti tán, kì í ṣe ìwàásù ló fẹ́ gbọ́ lẹ́nu rẹ.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sórí Lamptey.

O ní bí o bá fi ìjábọ̀ náà ránṣẹ́, wọ́n á mú un kúrò. Mo gbà. Wọ́n á gbé e lọ sí ilé-ìwé mìíràn. Àwọn ọmọ ibẹ̀ ńkọ́? Ṣé wọn ò ní ọwọ́ tí wọ́n máa dì ni? Àwọn tó fi sílẹ̀ ní Teshie ńkọ́? Títí wọ́n á fi rí olùkọ́ mìíràn, ta ló máa kọ́ wọn? Ọmọbìnrin tó tú àṣírí fún ọ ńkọ́? Ó fọkàn tán ọ, ó sọ òótọ́. Bí wọ́n bá lé olùkọ́ wọn nítorí rẹ̀, gbogbo kíláàsì á kọjú ìjà sí i, kò sì tún ní sọ òótọ́ fún àgbàlagbà kankan mọ́. Ìwọ rò ó.

Mi ò ní kí o bo ẹ̀ṣẹ̀ mọ́lẹ̀. Gbọ́ mi dáadáa. Bó bá jẹ́ pé ó ń ṣe àwọn ọmọ léṣe, tàbí o ràn án lọ́wọ́ títí tó kọ̀ jálẹ̀, fi ìwé rẹ ránṣẹ́, èmi ni màá kọ́kọ́ ní o ṣe é dáadáa. Ṣùgbọ́n o ò tíì ràn án lọ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lo lọ, o lọ bí ọlọ́pàá. Iṣẹ́ tí wọ́n gbà ọ́ fún kọ́ nìyẹn.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, lọ bá a kí àwọn ọmọ tó dé. Má sọ ohun tí ọmọbìnrin yẹn sọ. Sọ fún un pé ìyá rẹ ṣe olùkọ́, pé ó kọ́ àwọn ọmọ tirẹ̀ náà láti máa di ọwọ́, kí o sì sọ bí àṣírí ìyá rẹ ṣe tú. Mo fún ọ láyè. Jẹ́ kó fi mí rẹ́rìn-ín dáadáa. Lẹ́yìn náà, bi í pé èwo ló ṣòro fún un láti kọ́, kí o sì bá a kọ́ ọ láàárọ̀ yẹn, ìwọ pẹ̀lú rẹ̀, níwájú àwọn ọmọ. Bó bá dà rú mọ́ ọ lọ́wọ́, jẹ́ kó dà rú, kí o tún un ṣe.

Kí Ọlọ́run tó gbé ọ dé ipò yìí má jẹ́ kí ipò náà gùn ọ́. Kí àwọn ọmọ tí o bá dé ọ̀dọ̀ wọn máa yọ̀ bí wọ́n bá rí ọ, kí àwọn olùkọ́ wọn náà máa yọ̀. Àjọkẹ́, a jọ kẹ́ ọ ni, kí ìwọ náà rí ẹlòmíràn kẹ́.

Mo sì mọ̀ ọ́. Ọwọ́ rẹ yá. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé o ti fi ìwé yẹn ránṣẹ́ kí Sìkírá tó kanlẹ̀kùn. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, má jókòó sílé máa ronú, má sì pè mí kí a tún jọ pariwo. Wá ibi tí ọkùnrin náà ń gbé, kí o lọ bá a kí ọ́fíìsì tó pè é. Kó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ, lójúkojú, kó bú ọ bó bá fẹ́ bú ọ, kí o má dáhùn. Lẹ́yìn náà, sọ fún un pé ẹ máa jọ lọ sí ọ́fíìsì, pé ìwọ lo máa sọ fún wọn pé o kánjú kọ ìwé náà kí o tó ràn án lọ́wọ́. Ó máa nira. Ojú á tì ọ́. Lọ.

Ìyá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Ìyá Bọ́lá